Àpótí irinṣẹ́ 22 tó jóná ní ṣọ́ọ̀bù Chippendale

Lọ́dún 2010, wọ́n lu kọ́bọ́ọ̀dù onídùrọ́ọ̀ kan ní gbàǹjo nílùú London. Owó tí wọ́n san lé e lórí ju 3.7 mílíọ̀nù pọ́ùn lọ. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 2007, Charles tó ti di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n sì wá 45 mílíọ̀nù pọ́ùn láti fi ra ilé ńlá kan ní Scotland, Dumfries House, torí kí wọ́n má bàa tú ẹrù inú ẹ̀ ká. Àga àti tábìlì pọ̀ nínú ẹrù ọ̀hún. Ọkùnrin kan náà ni wọ́n ní ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, òun náà ló sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn àga yìí: káfíńtà kan tó ti kú láti ọdún 1779.

Thomas Chippendale lorúkọ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń wo fídíò àwọn tó ń tún ilé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, àmọ́ kẹ́ ẹ rò pé irú àga kan ni, kẹ́ ẹ má mọ̀ pé èèyàn tó jẹ gbèsè, tó bímọ, tó sì bẹ àwọn olówó kiri ni.

Ohun tó fà mí wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í ṣe owó gbàǹjo. Ohun tó fà mí ni pé Chippendale kì í kọ orúkọ ẹ̀ sára ohun tó bá ṣe. Ìwé owó tó kọ ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà ẹ̀ àti lẹ́tà wọn ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gé igi náà, tí wọ́n fá a, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ńkọ́? Tiwọn tún burú jùyẹn lọ, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí orúkọ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ igi ayé ìgbà yẹn máa ń kọ orúkọ ẹ̀ sí lára ni irinṣẹ́ ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Chippendale, iná jó èyí náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Otley ni wọ́n ti bí i, ìlú kékeré kan ní Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1718 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. John, bàbá ẹ̀, káfíńtà ni. Thomas nìkan lọmọ tí òun àti Mary ìyàwó ẹ̀ bí, torí náà kò sẹ́ni tó máa bá a du ayùn bàbá wọn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn máa yé ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ládùúgbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa. Ọdún méje ni ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá, ìwé àdéhùn ni wọ́n sì fi ń dè é. Torí pé òfin ni mo kọ́, irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wù mí kà. Ọmọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbéyàwó. Kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́. Kò gbọdọ̀ máa lọ sílé ọtí. Kò gbọdọ̀ tú àṣírí ọ̀gá ẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa ní Mushin tó máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé àwọn ò fẹ́ rí ọmọbìnrin kankan níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rò pé àwọn làwọn dá òfin yẹn sílẹ̀ ni.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1748, Chippendale ti wà ní London. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ló gbé Catherine Redshaw níyàwó. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, kò lówó, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìlú ti gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ìwé ló fi ṣe é, kì í ṣe àga.

Lọ́dún 1754, ó gbé ìwé ńlá kan jáde tí àwòrán 160 wà nínú ẹ̀: àga, ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù, férémù dígí, títí dórí ọ̀pá fìtílà. Kó tó tẹ̀ ẹ́ ló ti ń gba orúkọ àti owó àwọn tó fẹ́ rà á, ohun tẹ́yin ọmọ ayé ìsinsìnyí ń pè ní pre-order. Àwọn ìjòyè rà á. Àwọn káfíńtà bíi tiẹ̀ náà rà á, wọ́n sì ń wo àwòrán inú ẹ̀ ṣe àga fáwọn oníbàárà tiwọn. Ìdí nìyí tí àga tí wọ́n ń pè ní Chippendale fi wà káàkiri ayé, tó sì jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá rárá. Ní tèmi, ọgbọ́n tó ju ti káfíńtà lọ nìyẹn.

Ọdún 1754 yìí náà ló kó lọ sí St Martin's Lane, láàárín gbùngbùn London. James Rannie, ará Scotland kan tó lówó lọ́wọ́, ló bá a dòwò pọ̀. Àwọn oníbàárà máa ń wọlé láti iwájú, níbi tí wọ́n ti ń rí ohun tó ń dán. Àgbàlá ló wà lẹ́yìn: ibi tí wọ́n ń to pákó sí, ibi tí wọ́n ń kó ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù sí, yàrá dígí, àti ilé alájà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gé igi. Iye àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fojú bù pé ó ní tó ogójì sí àádọ́ta.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí ìwé náà jáde tí iná fi sọ. Oṣù kẹrin ọdún 1755 ni. Igi gbígbẹ ló kún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, eérú ìfági ńkọ́, iná tí wọ́n fi ń yọ́ àtè ńkọ́, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa rí. Ilé iṣẹ́ náà jó. Ìwé ìròyìn gbé e, ó dárúkọ Chippendale, ó sì fi kún un pé àpótí àwọn òṣìṣẹ́ 22 wà nínú ohun tó jóná. Wọ́n ka àpótí náà. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí, torí èèyàn lè kà á kó kọjá lọ. Nígbà yẹn, ọ̀gá kì í fún òṣìṣẹ́ nírinṣẹ́. Ọ̀gá ló ni ilé, òun ló ni igi, òun ló ni tábìlì iṣẹ́. Àmọ́ ìfági, òòlù, ayùn kéékèèké àti irin ìgbẹ́gi, ẹni tó ń lò ó ló ni ín. Bó bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, á gbé àpótí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Àpótí yẹn ni ìwé ẹ̀rí ẹ̀, òun ni gbogbo owó tó ti fi pa mọ́ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Chippendale àti Rannie ti gba ìwé adójútòfò lórí dúkìá wọn kí iná tó jó o. Ọkùnrin tí àpótí ẹ̀ jóná ò ní ohun tó máa fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Rochester, ní Kent, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó ń jẹ́ Guildhall Museum. Àpótí Benjamin Seaton wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1796, Joseph tó jẹ́ bàbá ẹ̀, tóun náà jẹ́ káfíńtà, ra irinṣẹ́ tuntun fún un ní ṣọ́ọ̀bù Christopher Gabriel ní London. Ọmọ náà fi oṣù mélòó kan kan àpótí tó máa kó wọn sí, ó ṣe ojúlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kọ orúkọ gbogbo wọn àti iye tí wọ́n rà wọ́n sínú ìwé kan. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé kò fi wọ́n ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ìdí tí wọ́n fi pé pérépéré títí dòní nìyẹn. Àpótí àwọn tó ṣiṣẹ́ gan-an kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á ti bọ́ lára ìfági, wọ́n á ti fi igi míì rọ́pò ẹ̀. Wọ́n á ti pọ́n irin títí tó fi kù bí ìka ọwọ́.

Orúkọ á sì wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ máa ń ní irin kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sí, á gbé e lé iwájú ìfági onígi, á wá fi òòlù gbá a wọlé, torí kí ẹlòmíì má bàa jí i. Bó bá kú, wọ́n á ta irinṣẹ́ náà fáwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, owó náà á lọ sọ́dọ̀ opó ẹ̀ nígbà míì. Ẹni tó bá rà á á gbá orúkọ tiẹ̀ náà sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Mo ti rí àwòrán ìfági tí orúkọ mẹ́ta wà lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju ibi tí àtàǹpàkò lè bò lọ.

Bọ̀dá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Káfíńtà, ní ìfági kan bẹ́ẹ̀. Mushin ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. Nígbà tí wọ́n jókòó pín ogún ẹ̀, ìdí igi ni wọ́n fi pín in, torí ìyàwó méjì ló ní. Ẹnì kan láàárín àwọn ẹbí kọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ariwo sì pọ̀ lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó béèrè àpótí irinṣẹ́. Ọmọ Háúsá tó máa ń ra irin kóńdẹ́mù ni wọ́n fẹ́ tà á fún, kí n tó ní kí wọ́n fún mi. Lẹ́tà méjì wà lára ìfági yẹn, irin gbígbóná ni wọ́n fi kọ wọ́n, wọn ò sì bá orúkọ bọ̀dá bàbá mi mu. Lẹ́tà orúkọ ọ̀gá ẹ̀ ni. Ìyá wa tó kù nínú ilé ló sọ fún mi pé ọ̀gá náà gbé e lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ fìrídọ́ọ̀mù ẹ̀.

Òfin pàápàá mọ̀ pé irinṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹrù tó kù. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1744, nígbà tí Chippendale jẹ́ ọ̀dọ́, ẹjọ́ Simpson àti Hartopp. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò mú jáde nínú ẹjọ́ yẹn ni pé onílé tó fẹ́ gba owó ilé ò lè gbẹ́sẹ̀ lé irinṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni ṣì ń lò. Òfin tiwa ní Nàìjíríà náà dá irinṣẹ́ ẹni tó jẹ gbèsè sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó tí òfin náà fi sí i ò lè ra òòlù kan lónìí. Iná ní tiẹ̀ ò mọ òfin.

Chippendale tún ilé kọ́, iṣẹ́ ń wọlé. Dumfries House tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún 1759 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹrù ẹ̀. Àwọn ilé ńlá míì tẹ̀ lé e. Igi tí gbogbo wọn ń fẹ́ ni mahogany, mọ̀lẹ́bí ọ̀gánwó tiwa. Láti ọdún 1721 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti yọ owó orí kúrò lórí igi tó ń ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso wọ̀lú, ni igi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Jamaica àtàwọn ilẹ̀ mìíràn ní agbègbè Caribbean. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gé e nínú igbó. Àwọn náà lo àáké, wọ́n sì mọ igi. Àáké yẹn kì í ṣe tiwọn, ara tó gbé e náà kì í ṣe tiwọn lójú òfin ìgbà náà.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí Chippendale ṣe láyé ẹ̀ náà wá látinú owó yẹn. Edwin Lascelles ló gbé e fún un, pé kó ṣe gbogbo ẹrù ilé Harewood tó kọ́ sí Yorkshire, ibi tí kò jìnnà sí Otley tí wọ́n ti bí Chippendale. Owó iṣẹ́ náà lé ní 10,000 pọ́ùn. Oko ìrèké ní Barbados àti òwò ẹrú ló sọ ìdílé Lascelles dolówó. Mo ka àpilẹ̀kọ púpọ̀ tó ń yin ẹwà àwọn àga Harewood. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń sọ ìtàn wọn tó sì bẹ̀rẹ̀ látorí tábìlì káfíńtà ti fo ìdajì ìtàn.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn Chippendale gẹ́gẹ́ bí èèyàn ni ọ̀rọ̀ owó. Àwọn olówó yìí kì í san! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tara yín, tẹ́ ẹ̀ ń ya àwòrán, tẹ́ ẹ̀ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ̀ ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fáwọn èèyàn ńlá, ẹ gbọ́ èyí. Oníbàárà ẹ̀ kan, Sir Edward Knatchbull, kọ̀wé sí i pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn ayálégbé òun ń sanwó fóun, torí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lòun náà á máa san owó oníṣẹ́ ọwọ́. Sir Rowland Winn, tó ni ilé Nostell, máa ń bínú sí i pé iṣẹ́ ń pẹ́, tó bá sì kan owó, á dákẹ́. Lẹ́tà tí Chippendale kọ sí i wà títí dòní, ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀ ni. Ọkùnrin tí gbogbo London ń wo ìwé ẹ̀ ṣiṣẹ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń retí owó lópin ọ̀sẹ̀. Kódà iṣẹ́ Harewood náà, ó dé ìgbà kan tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní àwọn ò ní bá a lọ mọ́ àfi tówó bá wọlé. Mo lẹ́nì kan tó jẹ mí lówó àpilẹ̀kọ láti ọdún tó kọjá, tó sì ń kí mi kú ọdún déédéé. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Ní ìparí àwọn ọdún 1760, àwọn aṣọ́bodè gba àga ọgọ́ta lọ́wọ́ ẹ̀, àga tí wọn ò tíì ṣe parí tó kó wọlé láti ilẹ̀ Faransé, torí iye tó sọ fún wọn pé ó jẹ́ kéré jọjọ sí iye tó yẹ. Ẹ kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹ̀.

Rannie kú ní oṣù kìíní ọdún 1766. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ló lọ yẹn, àwọn tó ń bójú tó ogún ẹ̀ sì ń béèrè ìpín tiẹ̀. Kí ọdún náà tó jìnnà, Chippendale ti gbé ọjà inú ṣọ́ọ̀bù lọ sí gbàǹjo, èyí tó ti parí àtèyí tó ṣì jẹ́ pákó. Lọ́dún 1771, Thomas Haig, akọ̀wé Rannie tẹ́lẹ̀, di ẹnì kejì ẹ̀ nínú òwò. Lọ́dún 1772, Catherine kú lẹ́yìn ọmọ mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ ìyàwó míì, Elizabeth Davis, lọ́dún 1777. Ìgbà yẹn, ọmọ ẹ̀ ló ti ń darí ṣọ́ọ̀bù. Ikọ́ ife ló pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1779, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì St Martin-in-the-Fields, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Orúkọ òṣìṣẹ́ kan wà tí mo lè dá fún yín nínú gbogbo wọn, torí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní Harewood: William Reid. Chippendale ló rán an lọ síbẹ̀ kó lọ máa darí iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì lò nílé náà. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, orúkọ Chippendale ló máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò rìn.

Ọmọ tó jogún ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Thomas bíi ti bàbá ẹ̀. Ó mọṣẹ́ gan-an, àwọn kan sọ pé ọwọ́ ẹ̀ dáa bíi ti bàbá ẹ̀ tàbí kó jù ú lọ, àmọ́ ohun tó jogún kì í ṣe orúkọ nìkan. Ó jogún àṣà pé àwọn ìjòyè á gbẹ́rù kí wọ́n tó máa wá owó. Lọ́dún 1804, ilé ẹjọ́ kéde pé kò lè san gbèsè ẹ̀ mọ́, wọ́n sì lu ọjà ẹ̀ ní gbàǹjo. Lọ́dún 1813, ó kúrò ní St Martin's Lane, lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Haymarket, ó tún kó lọ sí Jermyn Street, ó sì ń ṣe àga fún Sir Richard Colt Hoare ní Stourhead ní gbogbo àsìkò yẹn, títí di ọdún 1820. Àwọn àga náà ṣì wà ní Stourhead, wọ́n sì máa ń jẹ́ káwọn àlejò rí wọn. Ọdún 1822 ló kú.